Nẹ́gẹ́tíìfù bàbá mi kún àpótí, kọ̀ǹpútà àti síkánà wo ni kí n rà?

Ọmọ Onífọ́tò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n má baà fi owó ṣòfò. Bàbá mi ló ní ilé fọ́tò kan n'Íjẹ̀bú-Òde tẹ́lẹ̀, Yashica olójú méjì yẹn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ṣípò padà báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìgbà tá a ń kó ẹrù inú yàrá wọn la rí àpótí mẹ́ta, nẹ́gẹ́tíìfù ló kún inú méjì, mo ti kà á, ó tó 3,000 ojú, ọ̀pọ̀ jù ló jẹ́ dúdú-àti-funfun. Àpótí kẹta, fọ́tò tí wọ́n ti fọ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ inú ẹ̀ ti pọ́n fòò, àwọn míì ti ká kò.

Láptọ́ọ̀pù tí mo ní, RAM ẹ̀ 4GB ni, ojú ẹ̀ 1366 × 768, tí mo bá ṣí fọ́tò ńlá kan nínú GIMP tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, ó lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kó tó dá mi lóhùn. Mo lọ sọ́jà, ẹnikẹ́ni tí mo bá bi, i7 ni wọ́n ń pè, ìyẹn processor tó lágbára, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n ra èyí tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Owó ọwọ́ mi ò lè ra gbogbo ẹ̀ papọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Àwọn kan wà nínú nẹ́gẹ́tíìfù yìí tí ìdílé wọn ò ní fọ́tò wọn kankan mọ́, mi ò fẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rárá.

Àkànbí Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá o ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Ẹ má dá àwọn onísọ̀ yẹn lóhùn lórí i7. Síkánà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, torí ohun tí síkánà ò bá rí, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá yín rí i. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ó kan ibi tẹ́ ẹ máa kó fáìlì sí, lẹ́yìn náà RAM, lẹ́yìn náà ojú kọ̀ǹpútà. Processor ló kẹ́yìn, i5 tó dáa á ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù fíìmù fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 120, tí Yashica yẹn máa ń ya, àwòrán orí ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 56 lóròó, 56 níbùú. Tẹ́ ẹ bá fi 2400 dpi yà á, ìyẹn píksẹ́lì 2,400 nínú ínǹṣì kan, ó máa jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 5,290 lọ́nà méjèèjì, ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 28. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún síkánà pé aláwọ̀ ni, 48-bit (bit ni ìwọ̀n àlàyé tó ń kọ fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan), fáìlì TIFF kan ṣoṣo, irú tí kì í jù nǹkan kan nù, á tó 168MB, 3,000 irú ẹ̀ á lọ sí 504GB. Àmọ́ dúdú-àti-funfun ni tiyín, ẹ yan grayscale 16-bit, ìyẹn dúdú dé funfun láìsí àwọ̀, fáìlì kan á sọ̀ kalẹ̀ sí 56MB, gbogbo ẹ̀ á wá jẹ́ 168GB. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan, ẹ sì ti dín ẹrù kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ RAM: fáìlì 56MB yẹn, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i tẹ́ ẹ wá ń ṣe ẹ̀dà lé ẹ̀dà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ ń pa eruku rẹ́, gbogbo ìgbésẹ̀ tí sọ́fítíwíà ń rántí kẹ́ ẹ lè padà sẹ́yìn, inú RAM ni gbogbo ẹ̀ ń gbé. Tí RAM bá kún, á lọ yá àyè lórí dísìkì, tó bá sì jẹ́ dísìkì àtijọ́ tó ń yí ni, ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú méjì tẹ́ ẹ sọ yẹn ti ń wá. 16GB àti SSD, dísìkì tí kì í yí, ẹ ò ní rí ìdákẹ́ yẹn mọ́. 8GB náà á gbé e, àmọ́ á máa mí hẹlẹ.

Sisí Yàrá Òkùnkùn

Ohun tí Àkànbí sọ ló bá a mu, àmọ́ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí síkánà ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé. Síkánà pẹrẹsẹ pín sí méjì. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fúyẹ́, CIS ni wọ́n ń pe ohun tó fi ń ríran, bíi Canon LiDE 300 tàbí LiDE 400. Ó dáa fún fọ́tò tó tẹ́ pẹrẹsẹ, inú USB ló ti ń jẹ iná, tí NEPA bá mú iná lọ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì láptọ́ọ̀pù. Àmọ́ ojú ẹ̀ ò jìnnà rárá, ohun tí ò bá ti kan gíláàsì ẹ̀ á di bàìbàì. Àwọn fọ́tò yín tó ti ká kò yẹn ò ní hàn dáadáa lórí ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n bá fipá tẹ̀ lè là.

Èyí tó nípọn, CCD ló wà nínú ẹ̀, ó ń rí nǹkan tó bá gbéra díẹ̀ kúrò lórí gíláàsì. Irú ẹ̀ ni Epson Perfection V600. Ohun tẹ́ ẹ tún máa wò ni iná inú ìdérí. Nẹ́gẹ́tíìfù kì í ṣe pépà, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, síkánà tí ò bá ní iná nínú ìdérí, kó jẹ́ olówó iyebíye, kò lè ka nẹ́gẹ́tíìfù. LiDE ò ní in. Àwọn míì wà tí wọ́n ní in ṣùgbọ́n tí fèrèsé ẹ̀ ò fẹ̀ ju fíìmù 35mm lọ, 120 tiyín ò ní wọ ibẹ̀. V600 ń gba 35mm àti 120. CanoScan 9000F náà ń gbà á. Tó bá jẹ́ fíìmù ńlá 4 × 5 ínǹṣì ni, V850 ló ń gba ìyẹn, owó ẹ̀ sì ju ara wọn lọ.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. V600 kọ 6400 dpi síbẹ̀, ohun tí ojú ẹ̀ ń rí gan-an ò tó ìdajì ẹ̀. Fún 120, 2400 ti tó, ohun tó bá lé sí i, fáìlì ló ń sanra.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Digital ICE tó ń pa eruku àti ojú ibi tó họ rẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹ PA Á tó bá jẹ́ dúdú-àti-funfun! Ìmọ́lẹ̀ infrared ló fi ń wá eruku, fàdákà tó wà nínú fíìmù dúdú-àti-funfun máa ń dí ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà, á wá máa pe imú àti irun èèyàn ní eruku, á nù ún. Fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n fọ̀ ní ilé fọ́tò, kò séwu.

Ọmọ Onífọ́tò

Háà, ẹ ṣé gan-an Sisí. Mo ní príńtà kan nílé tó ní síkánà lórí, èmi ti rò pé mo lè fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé fóònù náà ò lè ṣe é?

Sisí Yàrá Òkùnkùn

Príńtà yẹn, CIS ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, kò sí iná nínú ìdérí, ẹ fi sílẹ̀ fún lẹ́tà àti ìwé-ẹ̀rí. Fóònù wúlò fún nǹkan kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kíá. 3,000 ojú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, wákàtí 150 nìyẹn, láìka ìgbà tẹ́ ẹ máa fi nu eruku. Ẹ wá tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù ńlá kan, ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀ funfun, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dé òkè, ẹ fi nẹ́gẹ́tíìfù lé e pẹ̀lú pépà fẹ́lẹ́ tó mọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá láàárín, ẹ fi fóònù kejì yà á, ẹ yí àwọ̀ ẹ̀ padà kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú. Ẹ ò ní tẹ ìyẹn jáde fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ máa mọ ta ló wà níbo, ẹ máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ gbóòórùn àpótí náà. Èyí tó bá ń rùn bíi fínígà, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, ara fíìmù fúnra ẹ̀ ló ń jẹrà, ẹ yà á sọ́tọ̀ lára àwọn tó kù torí ó máa ń ran wọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di etí fíìmù mú, ẹ má fẹnu fẹ́ eruku orí ẹ̀, itọ́ á ta sí i. Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi fẹ́ eruku yẹn. Ọyẹ́ ń bọ̀, eruku inú ọyẹ́ nìkan tó iṣẹ́ ọ̀tọ̀.

Ìyá Táyé Òṣogbo

Ẹ kú làákàyè ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà bíi tiyín àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé ọkàn ni mo ṣe ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi tẹ̀ ẹ́. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá padà kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin kan obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á wọṣọ ọkùnrin fún ẹni tó kù wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọṣọ obìnrin fún un.

Kẹ́hìndé tèmi lọ lọ́mọ oṣù mẹ́jọ. Fọ́tò tí mo ní nìyẹn, Táyé ló jókòó lọ́tùn-ún, Táyé náà ló jókòó lósì. Mo gbé e fún ọmọkùnrin kan pé kó bá mi gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó rí ilà tó gba àárín fọ́tò kọjá níbi tí onífọ́tò ti so ó pọ̀, ó rò pé àléébù ni, ó pa ilà yẹn rẹ́, ó sì gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò torí ó ní ọmọ kan náà ló wà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ní kó dá a padà, orí fáìlì àkọ́kọ́ ló ti ṣe gbogbo ẹ̀ sí. Ọpẹ́ ni pé pépà ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, a tún un yà.

Nítorí náà ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí èyí tí síkánà bá gbé jáde wà bó ṣe wà, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹ̀dà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe. Ẹ sì máa ya ẹ̀yìn fọ́tò náà. Ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ onífọ́tò máa ń wà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí.

Àkànbí Kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣeun màmá, Ọlọ́run á dá Táyé sí fún yín. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí màmá sọ yẹn, ẹ ṣe fódà méjì, ìkan TIFF tí ẹ ò ní tún fọwọ́ kàn, ẹ jẹ́ kó di èyí tí wọ́n lè kà nìkan, ìkejì ni ti iṣẹ́. JPEG ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́, 8-bit ni, ó sì ń jù nǹkan nù nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá tún un tọ́jú.

Àwọn fọ́tò tó pọ́n fòò yẹn, àwọ̀ búlúù tó súnmọ́ ewéko inú pépà ló ti ṣá, pupa ló wá kù. Ẹ fi 48-bit ya ìyẹn ní 600 dpi torí ẹ máa fa àwọ̀ ẹ̀ gan-an, tó bá jẹ́ 24-bit ó máa já sí ìlà-ìlà. Fọ́tò kékeré ti páàsípọ́ọ̀tù, 1200 dpi.

Ará Peckham

Ẹ kú àtijọ́ ẹ̀yin ará ilé. Èmi ti fi síkánà méjì ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohun tí mo kọ́ nìyí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra V600 tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ bèèrè férémù oníke tí wọ́n fi ń di fíìmù mú, ti 120 àti ti 35mm, wọ́n ti sọ ọ́ nù lọ́pọ̀ ìgbà, láìsí i fíìmù á máa ká kò lórí gíláàsì. Ẹ bèèrè ádápítọ̀ ẹ̀ gan-an tó bá a wá. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ ka ara ádápítọ̀, kó kọ 100–240V síbẹ̀, tó bá jẹ́ 120V nìkan iná Nàìjíríà á jó o. Ẹ tàn án níṣojú yín, ẹ fi iná inú ìdérí ya nǹkan kan, ẹ wo inú gíláàsì bóyá ó ti ń bu funfun nísàlẹ̀. Àwọn síkánà míì tún ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń so orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, èyí àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́, mi ò tì í, nígbà tó máa délé ó ń dún ra-ra-ra.

Láptọ́ọ̀pù: Windows 10 ti parí àtìlẹ́yìn ẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ processor Intel ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0, ẹ̀rọ ààbò kékeré inú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀, i5-8250U, 8 tó tẹ̀lé ìlà yẹn ni ìran ẹ̀. i7-6600U tí wọ́n ń fi i7 orí ẹ̀ polówó, ìran kẹfà ni, ẹ fi sílẹ̀. Èmi fẹ́ràn ThinkPad T480, ojú méjì ló wà fún RAM nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi kún un fúnra yín, ó sì lè ní bátìrì méjì, ti inú àti èyí tẹ́ ẹ lè yọ lẹ́yìn láìjẹ́ pé ó kú. HP EliteBook 840 G5 náà dáa. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n jó RAM ẹ̀ mọ́ pátákó inú ẹ̀ tí kò ṣeé yọ.

Síkánà tí sọ́fítíwíà ẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ lórí Windows tuntun mọ́, VueScan máa ń jí ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde, owó ni wọ́n ń rà á, àmọ́ ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò.

Bọ̀dá Ínfátà

Ẹ má ra désítọ́ọ̀pù o, àfi tí iná yín bá dúró. Láptọ́ọ̀pù, bátìrì ẹ̀ ni UPS ẹ̀. Síkánà ńlá yẹn ò ní bátìrì, tí iná bá lọ bó ṣe ń rìn lọ, àwòrán yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ máa tún un yà. Kò jẹ iná púpọ̀, UPS kékeré kan á gbé e. Tó bá jẹ́ ínfátà, kó jẹ́ pure sine wave, irú èyí tí iná ẹ̀ dà bíi ti NEPA. Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fò sókè sódò yẹn, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ tààrà.

Dísìkì ńkọ́? Orí SSD ni kẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́, àmọ́ orí hard disk ni kẹ́ ẹ ti máa pa á mọ́, torí SSD tí ẹ bá gbé sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún pípẹ́ láìfún un níná lè gbàgbé ohun tó wà nínú ẹ̀. Hard disk 1TB méjì, kí ìkan má gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ìkejì. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ fi sọ́fítíwíà CrystalDiskInfo yẹ ìlera ẹ̀ wò. Flash tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí owó ẹ̀ kéré, ẹ fi sọ́fítíwíà H2testw kún un dé ẹnu kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Èmi ti sunkún lórí ọ̀kan rí, gbogbo fọ́tò ìsìnkú ìyá mi ló wà níbẹ̀, 32GB àkọ́kọ́ nìkan ló ṣeé ṣí.

Kámẹ́rà L'ọ̀nà

Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí tiyín. Ẹni tó bá ti ní kámẹ́rà dáadáa, lẹ́ńsì macro, tó ń ya nǹkan kékeré nítòsí, àti pátákó iná ló kù kó rà, kó gbé kámẹ́rà kọ́ orí ìdúró kó kọjú sílẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù kan ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Wákàtí 150 yẹn á di wákàtí díẹ̀.

Sisí Yàrá Òkùnkùn

Òótọ́ ni, 35mm máa ń mú ju ti V600 lọ bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò ní kámẹ́rà, lẹ́ńsì yẹn nìkan lè jẹ owó síkánà, kámẹ́rà ò sì ní bá wọn ya àpótí kẹta tó kún fún pépà bó ṣe yẹ láìṣe wàhálà iná. Fún 120 àti fọ́tò ká kò, mo dúró lórí CCD.

Aláwọ̀ Ìbàdàn

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. T480 wà tí ojú ẹ̀ jẹ́ 1366 × 768 TN, irú ojú tó máa ń yí àwọ̀ padà tẹ́ ẹ bá wò ó láti ibòmíì, ẹ má rà á. Àyẹ̀wò ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rọrùn: ẹ ṣí fọ́tò ojú èèyàn kan, èèyàn dúdú bíi tiwa, ẹ yí ojú láptọ́ọ̀pù síwá sẹ́yìn, tí àwọ̀ ara ẹ̀ bá ń yí padà, TN ni. IPS, irú ojú tí àwọ̀ ẹ̀ kì í yí bẹ́ẹ̀, 1920 × 1080 ni kẹ́ ẹ gbà. Síbẹ̀ IPS 1080 ti T480 náà ò kún tó sRGB, ìwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fọ́tò ń lò, fún dúdú-àti-funfun ó ṣe é lò, fún àwọn tó pọ́n fòò yẹn ẹ wá mọ́nítọ̀ IPS tòkunbọ̀ 24 ínǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tówó bá tún wọlé. Kẹ́ ẹ sì pa Night light tó ń mú ojú kọ̀ǹpútà pọ́n lálẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀ kankan, mo ti rí ẹni tó fi odidi alẹ́ kan tún àwọ̀ ìyàwó ṣe, nígbà tílẹ̀ mọ́ gbogbo ojú ìyàwó ti di búlúù.

Ọmọ Onífọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. T480 i5 ìran kẹjọ ni mo rà, 8GB ló bá a wá mo fi 8GB kún un. V600 tòkunbọ̀ pẹ̀lú férémù 120, férémù 35mm ti kán àmọ́ mi ò nílò ẹ̀ púpọ̀. Hard disk méjì, ìkan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Ábẹ́òkúta, mo máa ń pààrọ̀ wọn tí mo bá lọ kí wọn. Mọ́nítọ̀ di ìgbà míì.

Mo gbóòórùn àpótí bí Sisí ṣe wí, páálí mẹ́rin ló ń rùn bíi fínígà, àwọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ họ nọ́ńbà sí etí fíìmù kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí màmá mi fi mú ìwé gbèsè àtijọ́ kan jáde, nọ́ńbà yẹn náà ló wà níbẹ̀, orúkọ oníbàárà, iye tó san, èyí tó kù. Báyìí ni mo ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ, nọ́ńbà bàbá mi ló máa ń ṣáájú. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá obìnrin kan láti àdúgbò wa wá wo nọ́ńbà 1184, ìyá ẹ̀ ni, ó dúró ti àga, ó wọ gèlè tó ga, aago wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ìyá òun nígbà tí wọn ò tíì dàgbà rí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ fún un, mi ò gba owó.

Ojú 212 ni mo wà báyìí. Ìyá Táyé, ẹ kú àdúrótì mà, ọ̀kan bíi tiyín wà nínú páálí kejì, ilà wà láàárín ẹ̀. Mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà.